*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ Ń TẸ̀LÉ YÍN SỌDÁ TÍTÌ?*

  

*Bíbélì kíkà:* Deutarónómì 22:8; Mátíù 4:5-7; Lúùkù 10:30-37. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á fúnra yín kí ẹ tó máa bá mi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lówùúrọ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ìgbàlà. Ọ̀rọ̀ títì ni. Tí ẹ bá fẹ́ sọdá láti apá kan sí apá kejì, báwo lẹ ṣe máa ń mọ ibi tí ẹ máa gbà? Ta ló ń pinnu rẹ̀ fún yín? Ojú yín ni, àbí ẹsẹ̀ yín, àbí ẹni tó wà níwájú yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ lọ sí Òjótà tàbí Kẹtu lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ ó rí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ìjọba ṣe sókè. Ẹ ó sì rí àwọn tó ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó fi báàgì ọ́fíìsì kọ́ apá, obìnrin tó gbé igbá lérí, ọmọ iléèwé nínú yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n á sáré dé àárín títì, wọ́n á dúró níbẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà, wọ́n á tún wò ó, wọ́n á sáré ìyókù. Tí ọkọ̀ bá wá gbá ẹnì kan nínú wọn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, gbólóhùn kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: "Ṣebí bíríjì wà lókè níbẹ̀!" Ó parí. A ti dájọ́. A ti dá ẹni tó wà nílẹ̀ lẹ́bi, ọkàn wa ti fúyẹ́, a wá ń bá ibi iṣẹ́ wa lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé bí ẹjọ́ yẹn ṣe yẹ kó rí nìyẹn lẹ́nu ọmọ Ọlọ́run? Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: *kò sẹ́ni tó ń dá sọdá títì.* Ẹni tó ṣe ọ̀nà bá wa sọdá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá wa sọdá. Ẹni tó ṣáájú wa àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ká tò ó.

*1. Ẹsẹ̀ máa ń ṣírò*

Ẹni tó fẹ́ sọdá kì í jókòó ṣèpàdé pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń ṣírò. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣírò ni àkókò. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tó jáde ní 1965. Ó fi hàn pé tí gbígba orí afárá kò bá pẹ́ ju gbígba ojú títì lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn máa gba orí afárá. Ṣùgbọ́n tí ti orí afárá bá ti fi ìdajì pẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ, bóyá la fi máa rí ẹni tó máa gùn ún. Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, níbi tí a máa ń sọ pé òfin ni wọ́n fi ń jẹun! Torí náà, ẹ jẹ́ ká yéé sọ pé àwa aláwọ̀ dúdú la lóríkunkun. Bí wọ́n ṣe dá ẹsẹ̀ ọmọ aráyé nìyẹn, ọ̀nà tààrà ló fẹ́ràn. Ẹ wo àgbàlá tí wọ́n gbin koríko sí, tí wọ́n sì fi símẹ́ńtì ṣe ọ̀nà yí i ká. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ ó rí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ ti là gba àárín koríko náà.

Ohun kejì tí ara ń ṣírò ni ẹrù àti ọjọ́ orí. Àtẹ̀gùn tí ọmọ ogún ọdún ń fò ní méjì méjì, Òkè Olúmọ ni lójú ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn. Ẹni tó gbé agbọ̀n tòmátì lérí, tó tún pọn ọmọ, kò lè wo àtẹ̀gùn yẹn bí ẹ̀yin tí ẹ mú fóònù nìkan dání ṣe ń wò ó.

Ohun kẹta ni ìbẹ̀rù. Obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó dé ìdí afárá tí iná kò tàn lórí rẹ̀, ewu méjì ló ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, àti ọwọ́ tó lè já báàgì rẹ̀ gbà lókè. Èwo ni kó mú? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń kọjá lọ kò mọ ohun tí ọkàn ń sọ fún ẹni tó wà nídìí àtẹ̀gùn yẹn.

*2. Ojú máa ń tan ni jẹ*

Ẹni tó bá ti yàn láti gba ojú títì, ojú rẹ̀ ló kù tó gbára lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ojú ọ̀nà kan tí ọkọ̀ kan ń gbà lórí márosẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Tí ojú ọ̀nà mẹ́ta bá wà lápá kan, mítà 11 nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó ń rìn bí èèyàn ṣe ń rìn, máa lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án kó tó kọjá. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́sàn-án: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 200. Ìyẹn ni pé, kí ẹ tó lè fara balẹ̀ rìn kọjá, ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín tó pápá bọ́ọ̀lù méjì tí a tò ní gígùn. Ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn lè lo ìṣẹ́jú-àáyá 14. Ti ìyá àgbà máa lé ní mítà 300, pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta nìyẹn! Nígbà wo ni irú àlàfo bẹ́ẹ̀ máa ń wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní ọ̀sán?

Ẹ tún wò ó: ojú wa mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó ju bó ṣe ń sáré tó lọ. A máa ń wo ọkọ̀ lókèèrè, a á ní "ó ṣì jìnnà," a kì í ní "ó ń sáré." Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje kò tilẹ̀ tíì lè mọ eré ọkọ̀ wò dáadáa. Dẹ́rẹ́bà náà kò sì lè dúró gbagidi bí a ṣe rò. Ìwé òfin ìrìnnà Ìlú Ọba sọ fún awakọ̀ pé tó bá ń sá eré 80 kìlómítà yẹn, tó wá rí nǹkan lójijì, ó máa gbà á ní nǹkan bíi mítà 53 kó tó dúró. Ojú ọ̀nà gbígbẹ àti bíréèkì tó dára ni wọ́n ń sọ o. Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́? Tí táyà bá ti jẹ ńkọ́?

Lálẹ́, ẹ̀tàn míì tún wọ̀ ọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rí iná ọkọ̀ láti òkèèrè, ó wá rò pé dẹ́rẹ́bà náà ti rí òun. Kò rí i! Aṣọ dúdú ló wọ̀, inú òkùnkùn ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí: pé ẹ rí ọkọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ rí yín.

Ẹ̀tàn kan tó ń pa èèyàn jù ni ti dẹ́rẹ́bà onínúure. Dánfó kan dúró, dẹ́rẹ́bà juwọ́: "Ẹ máa kọjá, màmá." Màmá dúpẹ́, ó bọ́ síwájú dánfó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ míì ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ dánfó náà, kò rí màmá, màmá náà kò rí i, torí dánfó ti bò wọ́n lójú. Dẹ́rẹ́bà yẹn ṣe inúure, kò sì sọ irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi tọrẹ. Ojú ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ló ní, ó wá fún èèyàn ní méjì. Mélòó nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ràn tí à ń fún ọmọlàkejì?

*3. Aṣọ máa ń wàásù*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwádìí kan fún yín tó yẹ kó ba gbogbo ẹni tó ń jẹ́ aṣáájú lẹ́rù. Ní 1955, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn mẹ́ta tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan dúró síbi tí iná ojú títì ti ń sọ pé kí ẹlẹ́sẹ̀ dúró, kó sì sọdá bí iná kò bá tilẹ̀ tíì gbà á láyè. Nígbà míì, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní kóòtù àti táì, bàtà rẹ̀ á máa dán. Nígbà míì, aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n á wọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan náà ni o, títì kan náà. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Nígbà tó wọ kóòtù, àwọn tó tẹ̀ lé e rú òfin pọ̀ ju ìgbà tó wọ àkísà lọ.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò pè wọ́n, kò juwọ́ sí wọn. Aṣọ rẹ̀ ló sọ fún wọn pé, "Ẹni tó mọ nǹkan nìyí. Tí irú èyí bá lè kọjá, kò séwu." Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń wọ agbádá, ẹ̀yin ìyá ìjọ tí gèlè yín dúró dáadáa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì nínú yúnífọ́ọ̀mù funfun, àti àwa tí à ń so kọ́là mọ́rùn, ẹ gbọ́: aṣọ wa ń wàásù kí a tó lanu. Ẹsẹ̀ wa lè yá, kí a sì ti mọ ibẹ̀ dáadáa, kí a kọjá láìfarapa. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ lé wa kò wo títì mọ́, àwa ló ń wò. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó fi pẹ́ lẹ́yìn wa, òun ló wà láàárín òun àti ọkọ̀.

Ohun tó sì yẹ kó dùn wá nìyí: tí nǹkan bá ṣe ẹni tó tẹ̀ lé wa, a lè máà mọ̀. A ti dé apá kejì. A ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ariwo tó sọ lẹ́yìn, a rò pé ìjà àwọn ọmọ gáréèjì ni.

Ti ọmọ ló wá burú jù. Ọmọ tí ẹ fà lọ́wọ́ sáré kọjá lábẹ́ afárá lónìí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí títì ṣófo. Ohun tó kọ́ ni pé ibí yìí ni wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí níbẹ̀ láti fà á lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ló máa gbà.

*4. Òfin bi wá ní ìbéèrè kan, ìfẹ́ bi wá ní òmíràn*

Ẹnì kan á sọ pé, "Ajíhìnrere, ẹ máà jẹ́ kó gùn. Ṣebí òfin wà? Kí kálukú pa òfin mọ́." Òótọ́ ni. Èkó ní òfin ìrìnnà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa ń mú ẹni tó bá sọdá lábẹ́ afárá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kristẹni ń pa òfin ìlú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin yìí ṣe ń yí láti ibì kan sí ibòmíì. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé níbẹ̀, yàtọ̀ sí orí márosẹ̀ ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá níbi tó bá wù ú, òfin kò mú un. Láti 1951 ni wọ́n sì ti ní ìlà dúdú-funfun tí a ń pè ní síbírà, tó jẹ́ pé tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti wà lórí rẹ̀, dandan ni kí ọkọ̀ dúró. Ní California, àwọn ọlọ́pàá lè dá ẹlẹ́sẹ̀ dúró kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e tó bá sọdá níbi tí kò yẹ, títí di òpin ọdún 2022. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023, wọn kò lè dá a dúró mọ́, àfi tí ewu ìkọlù bá wà gbagbáágbá. Ṣé Ọlọ́run ló yí ọkàn padà ní òru ọjọ́ yẹn? Rárá. Òfin èèyàn ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀mí èèyàn tí òfin náà fẹ́ dáàbò bò kò yí padà.

Torí náà, òfin máa ń bi wá pé, "Níbo lo ti sọdá?" Ìfẹ́ á bi wá pé, "Ta ló máa fara pa tí o bá gba ibẹ̀?" Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè kejì dáadáa, kò ní ṣòro fún un láti dáhùn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ti àkọ́kọ́ nìkan, tí kò bá ti rí ọlọ́pàá, kò rí ẹ̀ṣẹ̀.

*5. Ẹni tó kọ́lé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀*

Ẹ wá wo Deutarónómì 22:8 tí a kà. Ní ilẹ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, òrùlé ilé máa ń tẹ́jú, àwọn èèyàn ń jókòó lórí rẹ̀ gba atẹ́gùn, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Èèyàn sì lè já bọ́. Tí ó bá jẹ́ àwa ni, ohun tí a máa sọ ni pé, "Kí ẹni tó gun òrùlé la ojú rẹ̀." Ọlọ́run kò bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Onílé ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: ìwọ tí o kọ́lé, ṣe ohun ìdènà sí etí òrùlé rẹ, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lọ́rùn ilé rẹ. Ẹ ò rí i! Ọlọ́run mọ̀ pé èèyàn máa ń gbàgbé, pé oorun máa ń kunni, pé ọmọdé máa ń sáré. Kò ní kí a kọ́lé fún àwọn áńgẹ́lì. Èèyàn tó ń ṣàṣìṣe ló ní kí a kọ́lé fún.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù ti rí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni tiwa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Nílé, apá òsì ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ ń bá ẹlẹ́sẹ̀. Níbẹ̀, apá ọ̀tún ni. Àlejò tó bá wo ibi tó ti mọ́ ọn lára ti kú nìyẹn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sórí títì, níwájú ẹsẹ̀ àlejò, pé kó wo ọ̀tún. Wọn kò ní kí àlejò lọ fẹ̀sùn kan ojú rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdènà sí etí òrùlé.

Ó yẹ kí ìjọba ṣe tirẹ̀: kí iná tàn lórí afárá, kí afárá wà níbi tí èèyàn ti ń sọdá, kí ó ní ibi tí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn máa gbà. À ń gbàdúrà fún wọn, a sì gbọ́dọ̀ máa sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba nìkan kọ́ ló kọ́lé. Àwa ńkọ́? Lọ́jọ́ Ìsinmi, níbo ni ọkọ̀ àwa ará ìjọ máa ń wà? Lórí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà! A ti fi bọ́ńpà dí ojú ọ̀nà wọn, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti ọmọ rẹ̀ wá bọ́ sí títì kí wọ́n lè yí ọkọ̀ wa ká. À ń kọrin nínú ilé, a sì ń ti aládùúgbò síwájú tírélà níta. Tí a bá ń wá òrùlé tí kò ní ìdènà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì ilé Ọlọ́run.

*6. Ṣé ìgbàgbọ́ kò tó ni?*

Àwọn kan á ní, "Mo ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ara mi kí n tó jáde." Àmín o. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí Mátíù 4. Èṣù mú Olúwa wa lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, pé ṣebí àwọn áńgẹ́lì máa gbé e. Kódà, Ìwé Mímọ́ ló fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Jésù kò bẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ dán Ọlọ́run wò. Ẹni tó bá ní àkókò, tó ní okun, tí afárá wà níwájú rẹ̀, tó wá ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" bó ṣe ń sáré lábẹ́ rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí ohun tí Èṣù dá lábàá? Ẹ̀jẹ̀ Jésù kì í ṣe bíréèkì tírélà.

Àwọn míì á ní, "Ọjọ́ tó bá pé, ó pé." Ó ṣòro láti fi ìyẹn tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, ó sì léwu láti fi gbé ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló ń kú sójú ọ̀nà lọ́dún kan ní gbogbo ayé. Nínú márùn-ún wọn, ó lé ní ẹnì kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí "ọjọ́ tó pé" yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò sí, tí iná kò tàn, tí ọkọ̀ ń sáré àsápajúdé? Ṣé kádàrá mọ ibi tí iná kò sí ni? Ohun tí a lè fi símẹ́ńtì, gílóòbù àti sùúrù yanjú, ẹ má jẹ́ ká gbé e lé Ọlọ́run lórí.

*7. Àlùfáà tó sọdá*

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Nínú ìtàn ará Samáríà rere, àlùfáà àti ọmọ Léfì náà pinnu ibi tí wọ́n máa gbà. Wọ́n rí ẹni tó wà nílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Kò sí òfin ìrìnnà tí wọ́n rú. Ọ̀tún ni wọ́n gbà ni o, òsì ni o, kò sẹ́ni tó máa bu owó ìtanràn lé wọn. Ohun tí wọn kò fẹ́ rí ló pinnu ibi tí wọ́n gbà. Ará Samáríà náà ń lọ síbì kan, òun náà ní àkókò tó ń ṣírò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílẹ̀ wọ inú ìṣirò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ obìnrin abẹ́ afárá, tó gbé igbá lérí, tó pọn ọmọ. Ṣé ó tọ̀nà? Mi ò ní purọ́ fún yín: kò tọ̀nà. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá a ṣe ìpinnu yẹn, dẹ́rẹ́bà tó bá gbá a náà kò ní sùn mọ́ títí ayé. Tó bá lè gun afárá, kó gùn ún, bó tilẹ̀ máa pẹ́. Àánú wa kò gbọ́dọ̀ mú ká pe ewu ní ire. Ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ nínú ẹjọ́ náà kì í ṣe gbogbo ẹjọ́. Ìpín wà fún ẹni tí kò tan iná. Ìpín wà fún ẹni tó ń sá eré 100 níbi tí ọjà wà. Ìpín wà fún ẹni tó wọ kóòtù tó ṣáájú rẹ̀. Ìpín wà fún èmi àti ẹ̀yin tí a ń gun afárá yẹn lọ́wọ́ òfìfo, tí a rí i nísàlẹ̀, tí a kò lè sọ pé, "Màmá, ẹ gbé igbá yẹn wá, ká jọ gùn ún." Ẹrù rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ bá a gbé ká tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

*Iṣẹ́ tí a máa ṣe lónìí:*

▪️ Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àkókò tí ẹ máa ń jáde nílé. Ọ̀pọ̀ nínú eré abẹ́ afárá, àárọ̀ nínú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

▪️ Níbi tí afárá bá wà, tí ara yín sì gbé e, ẹ gùn ún. Ẹ máà ṣe é torí ọlọ́pàá. Ẹ ṣe é torí ẹni tó ń wò yín lẹ́yìn.

▪️ Tí ẹ bá mú ọmọdé dání, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Kí ẹ̀yin wà ní apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ sì máa sọ fún un ohun tí ẹ ń wò kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

▪️ Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rọra níbi ọjà, iléèwé àti orí síbírà. Ẹ má juwọ́ pe ẹnikẹ́ni sí ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín.

▪️ Tí ẹ bá rí àgbàlagbà tó dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ kí i, ẹ bi í bóyá kí ẹ bá a sọdá. Àlàfo mítà 300 tó ń retí kò ní yọjú.

▪️ Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ jẹ́ ká kó ọkọ̀ wa kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Tí ìsọ̀ òru bá sì parí, kí àwọn ọ́ṣà wa méjì mú tọ́ọ̀ṣì dúró létí títì títí ẹni ìkẹyìn á fi kọjá.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:* Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún ẹ̀mí tí o dá sí títí di àárọ̀ yìí. Dárí jì wá níbi tí a ti yára dá ẹni tó ṣubú lẹ́jọ́. Fún wa ní ojú tó ń rí ẹni tó ń tẹ̀ lé wa, àti ọwọ́ tó lè bá ọmọlàkejì gbé ẹrù. Tu gbogbo ẹni tí títì ti gba èèyàn rẹ̀ nínú. Fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní ọkàn tó bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Mú wa jáde, mú wa wọlé, lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó máa rìn lónìí, kí ẹ sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó máa wa ọkọ̀. Ká tún pàdé láàárọ̀ ọ̀la, bí Olúwa bá fẹ́. Ọ̀nà á là fún wa o. 🙏

_Ajíhìnrere yín nínú Olúwa_